Ihò Abẹ́ Òrùlé

Láyé ìjọba ológun, nígbà tí sìmẹ́ńtì wọ́n bí ojú, èmi ni wọ́n ní kí n ya àwòrán ilé tí a ó ti máa ṣe ìwádìí irè oko lẹ́bàá Imoru. Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀wọ̀, ilé kíkọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, àlejò sì ni mí nílùú náà. Amọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo ní kí wọ́n fi mọ ògiri, kó sì nípọn. Mo na òrùlé síta kí òjò àti oòrùn má baà kan ògiri. Ní yàrá tí èèbù iṣu yóò wà, mo fi ihò sílẹ̀ yí i po lábẹ́ pánù, kí ooru lè máa bá ibẹ̀ jáde, nítorí iná mànàmáná kò ṣeé gbára lé.

Opó kan wà ní Imoru tó ń dá oko iṣu. Ìyá rẹ̀ ló fi irú iṣu tó ń gbìn sílẹ̀ fún un, kò sì sí lóko ẹlòmíràn mọ́. Èmi ni mo gbà á níyànjú pé kó kó gbogbo èèbù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sókè wo àwọn ihò náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, iṣu á lè mí níhìn-ín."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Tí ìgbà gbíngbìn bá tó, ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Kò pẹ́ ni a gbọ́ pé àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá ṣí ilé náà. Ọ̀gá mi tó gbé iṣẹ́ náà fún mi yí ilé náà ká, ó rí àwọn ihò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé adìyẹ lo fẹ́ máa sìn níbí ni?" Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi o: kò pàṣẹ pé kí n dí wọn. Ojú ló tì mí, èmi fúnra mi ni mo pe bíríkìlà. Àgbàlagbà ni, kò sì fẹ́ kí orí ọmọ tuntun wọ́ lójú òun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí, "Ọ̀gá, ṣé gbogbo ẹ̀ ni kí n dí?" Mo jágbe mọ́ ọn. Ó dí wọn, a sì fi ọ̀dà funfun kùn ún.

Mo ní tí àwọn àlejò bá ti lọ, a ó tún dá wọn lu. Wọ́n dé, wọ́n yìn mí, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Ta ló tún fẹ́ lu ògiri tí wọ́n yìn?

Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an lọ́dún náà. Lọ́jọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá náà, òórùn ló kọ́kọ́ kí mi. Mo tẹ èèbù kan, ìka mi wọnú rẹ̀. Mo tú gbogbo rẹ̀ wò, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Ó yẹ kí n lọ dọ̀bálẹ̀ ní Imoru. Ọjà ni mo lọ. Mo ṣa èèbù tó jọ ti màmá, mo kó o sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an. Nígbà tó wá gbà á, ó gbàdúrà fún mi títí. Mo ń ṣe àmín.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó ránṣẹ́ pè mí. Iyán tó gbé síwájú mi kún fún kókó. Ó jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ọmọ mi, má bínú. Iyán iṣu ìyá mi kì í ní kókó. Ilé yín kò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ mi yìí ló ti bàjẹ́. Iṣu tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́, èmi ni mo bà á jẹ́."

Òótọ́ ti dé ẹnu mi. Mo fi òkèlè tì í padà. Mo jẹ iyán náà tán, mo sì sọ fún un pé ó dùn.