Èsì Tí Wọ́n Gé Sọnù ní Ìrémọ

Irun ọmọ mi ni mò ń dì lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé. Àárọ̀ Sátidé ni, ní àsìkò tí àgbàdo tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà, ọdún tí wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí pósítà bo gbogbo ògiri Ìrémọ ní Ifẹ̀. Ìbùkún jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo ti di ṣùkú náà dé ìdajì, ó ń sunkún díẹ̀díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Fóònù mi ń dún léraléra. Òróró wà lọ́wọ́ mi, mo bá ní kí ó bá mi wò ó. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, fídíò kan ṣí, ohùn kan jáde, ó yíjú sí mi.

"Màmá, Àǹtí Mojí rèé. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́n."

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ìdìbò, ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi í bá yín rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ hàn mí. Torí yín ni mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò kàwé ju sẹ́kọ́ńdìrì lọ, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Àǹtí Mojí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní wọ́ọ̀dù wa, tí a máa ń pè ní sẹ́ńtà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí irun orí wọn fi funfun. Àwọn ni wọ́n gbẹ̀bí mi nígbà tí mo fẹ́ bí Ìbùkún. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti mú kọ́kọ́rọ́ dání, nítorí bí oòrùn bá ti wọ̀ ni wọ́n ń ti sẹ́ńtà. Àǹtí Mojí dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Bí o bá máa tì í, ti èmi náà mọ́ ibẹ̀." Ìdí tí wọ́n fi jáde du ipò kánsẹ́lọ̀ nìyẹn: kí ilẹ̀kùn sẹ́ńtà lè máa wà ní ṣíṣí lálẹ́. Wọn kò ní ọ̀rọ̀ kejì. Èmi ni mò ń bá wọn kó àwọn obìnrin jọ láti agboolé dé agboolé.

Agboolé ọkọ mi ni wọ́n ti ya fídíò náà. Èmi ni mo tẹ́ ẹní. Àwọn ìyá àgbà jókòó, Ìyá Àrẹ̀mú, tó dàgbà jù láàárín wọn, wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá láàárín orúnkún. Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ tí a kọ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níwájú àgbà. Àǹtí Mojí, tí àwọn fúnra wọn ti ní ọmọ-ọmọ, kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ọmọdé ni mo jẹ́ níwájú yín. Mi ò gbọ́n, mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

A kì í jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ já lulẹ̀. Gbogbo wa la dáhùn pọ̀: "O mọ̀ ọ́n, ọmọ wa. Máa wí." Ìyá Àrẹ̀mú tún fi kún un. "Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, ta ló bá wa gba Ìgè, tó ní ẹsẹ̀ lòun máa fi wáyé?" Ẹ̀rín pa wá. Ìgbà náà ni Àǹtí Mojí dìde tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: iye nọ́ọ̀sì tó yẹ kó wà, iná tí kò sí, omi tí wọ́n ń pọn wá látọ̀nà jíjìn, ẹni tí kánsẹ́lọ̀ gbọ́dọ̀ lọ bá àti bí ó ṣe máa bá a sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ títí ọbẹ̀ fi jóná mọ́ mi lórí iná.

Ohun tí mo rí lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé yẹn kò ju ìkúnlẹ̀ náà lọ. "Mi ò gbọ́n, mi ò mọ nǹkan kan." Ó parí síbẹ̀. Wọ́n gé "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n" kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n sì gé àwa náà kúrò, bí ẹni pé ògiri ni wọ́n kúnlẹ̀ fún. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kejì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kánsẹ́lọ̀ yín rèé. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Nínú gúrúùpù àwọn òbí ilé ìwé Ìbùkún ló ti bá mi. Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kọ ọ́ pé, "Ó kéré tán, olóòótọ́ ni màmá yìí." Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkíni àgbà ni wọ́n ń kí, pé mo wà níbẹ̀, pé a dáhùn. Bàbá náà dá mi lóhùn kíákíá: "Ìyá Ìbùkún, a mọ̀. A kàn ń ṣeré ni."

A mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán nínú mi títí di òní. Ká ní wọn ò mọ̀ ni, màá ní àìmọ̀ ni. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé ẹni tó ní òun ò gbọ́n níwájú àgbà, ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ló ti jáde? Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ síra wọn, torí pé ó dùn ún wò.

Mo fi gèlè wé orí Ìbùkún, a gba ilé Àǹtí Mojí lọ. Wọ́n ti rí i. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Èmi ni mo sọ ọ́. Ṣé kí n wá ní kì í ṣe ohùn mi ni?" Wọ́n tú gèlè orí ọmọ náà, wọ́n rí irun tó dúró ní ìdajì, wọ́n sì fà á mọ́ra. Àwọn ni wọ́n di èyí tó kù. Ó gún régé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á kọjá lọ.

Nígbà tí yóò fi di Mọ́ńdé, ó ti dé orí rédíò. Ìyá tó bí mi pè mí láti Ẹdúnàbọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà. "Ṣé kì í ṣe nọ́ọ̀sì yín yẹn ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rédíò awakọ̀ kan báyìí?"

Mo lọ bá àwọn ìyá wa nínú agboolé, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, ká lọ sọ èsì tí a fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá Àrẹ̀mú gbọn orí. "Ṣé èmi ni màá lọ máa jà lórí rédíò lọ́jọ́ ogbó mi? Ẹni tó mọ̀ wá mọ̀ pé a dáhùn." Ìyàwó ilé kan ní ọkọ òun ò fẹ́ òṣèlú. Ẹnìkan ní ẹja òun wà lórí iná. Èmi nìkan ni mo lọ.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà gbà mí dáadáa, ó fún mi ní àga. Ó ní, "Bó ṣe tẹ̀ wá lọ́wọ́ la ṣe gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwa kọ́ la gé e."

Mo ní, "Ẹ ò sì béèrè èyí tó kù."

"Ìyá mi, ètò ẹ̀rín ni ètò mi. Ta ló máa jókòó gbọ́ ìpàdé àwọn ìyá àgbà látòkè délẹ̀?"

Kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ agboolé wa kan ní odindi fídíò náà, a fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí a mọ̀. Àwọn tó dáhùn ní ó ti gùn jù. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Mo máa ń rò pé owó lásán ni òwe yẹn ń bá wí, mi ò mọ̀ pé sùúrù náà wà níbẹ̀.

Ohun tó fọ́ ọ̀rọ̀ náà pátápátá kò ti ọ̀dọ̀ alátakò wá. Ràfíátù ló mú un wá. Aládùúgbò wa ni, ó ti bímọ kan ní sẹ́ńtà lọ́dún tó ti pẹ́, ọmọ náà kò ké. Mo wà lọ́dọ̀ Àǹtí Mojí nígbà tó wọlé. Kò jókòó.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò wá jà. Mo fẹ́ bi yín léèrè ni. Lọ́jọ́ tí mo bí èyí tí kò ké, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Àǹtí Mojí gbé ojú sókè. "Ràfíátù, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ dé. Kí wọ́n tó wá pè mí nílé, kí a tó rí kọ́kọ́rọ́…"

"Mo mọ̀ pé wọ́n tì í. Ọkàn mi ti gbà á pé kádàrá ni, mo ti sinmi. Fídíò yìí ló jẹ́ kí n tún máa rò ó."

Ó yọ slípáàsì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tún wọ̀ ọ́ bí ẹni tí kò mọ bóyá òun ń wọlé ni tàbí òun ń jáde. Ó kí wa, ó lọ. Àǹtí Mojí lọ fọ ọwọ́ wọn níbi omi. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Alága ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù ló wá pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀. "Màmá, àsìkò ìtẹríba ti kọjá. Ẹ wá sí Ẹnuwá lọ́jọ́ ìpolongo, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ sọ fún wọn pé ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó lè rí ìyẹn gé."

"Níwájú ààfin, kí n má júbà?"

"Ẹ ó júbà bí ẹ bá wọlé tán. Ẹ ó ráyè dáadáa nígbà yẹn."

Mo rò pé wọ́n máa lé e jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n yíjú sí mi. "Ṣé Ràfíátù máa wá?" Mo ní bóyá.

Lọ́jọ́ náà, Ẹnuwá kún. A kó bẹ́ǹṣì láti Ìrémọ fún àwọn ìyá wa, a gbé wọn síwájú. Àǹtí Mojí gun orí pèpéle, wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọn ò kúnlẹ̀. "Mo mọ iṣẹ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ mi nípa ìbímọ ní ìlú yìí." Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Mo ń wo ojú Àǹtí Mojí, mo rí i pé wọ́n ń wá ẹnìkan láàárín èrò. Èmi náà wò yíká. Ràfíátù kò sí níbẹ̀.

Kò sí ibi tí àwọn ìyá wa ti máa dáhùn. Àǹtí Mojí ò dánu dúró fún wọn. Ìyá Àrẹ̀mú fi ọ̀pá kàn mí lẹ́sẹ̀. "Ta ló kọ́ Mojí níyẹn?"

Mo ní, "Màmá, wọ́n fi ayé sú u ni."

"Èyí tó ní òun ò mọ̀, mo mọ ilé tó ti wá. Èyí tó mọ gbogbo rẹ̀ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ọ̀kadà, àwọn fẹ́ lọ sílé.

Fídíò ti Ẹnuwá jáde lọ́jọ́ kejì. Wọn ò gé èyí rárá. Odindi ni wọ́n gbé e. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Níjọ́sí, kò mọ nǹkan kan. Ní báyìí, ó ti gbọ́n ju àgbà Ifẹ̀ lọ."

A fìdí rẹmi. Mo ti gbọ́ ìtàn ìbò tí wọ́n jí lẹ́nu àwọn tó ṣáájú wa, bí wọ́n ṣe gbé àpótí sá, bí wọ́n ṣe lé olùdìbò. Ní tiwa, kò sẹ́ni tó gbé àpótí sá. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé sá. Ìbò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn ìyá Ìrémọ tí a gbójú lé ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, wọ́n jókòó sílé.

Ẹ bi mí pé kí la jèrè. Kánsẹ́lọ̀ tó wọlé fi ọ̀dà tuntun kun ilẹ̀kùn sẹ́ńtà. Ó dára ní wíwò. Bí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á tì í. Láìpẹ́ yìí ni mo rí aboyún kan tí wọ́n gbé kọjá níwájú rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ìyá ọkọ rẹ̀ dì í mú láti ẹ̀yìn. Àǹtí Mojí kì í wá sípàdé mọ́. Bí aboyún bá bi wọ́n ní nǹkan kan lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ lọ bi wọ́n ní sẹ́ńtà, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ." Mi ò mọ èyí tí mo lè pè é mọ́, ìtẹríba ni àbí ọgbẹ́.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń fi òwe yẹn kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹyin ti Àǹtí Mojí kò bọ́. Àwa ti na ọwọ́ láti gbà á, ẹnìkan ló já a gbà láàárín. Nígbà tí ó sì já a gbà tán, àwa tó jáde láti sọ pé ọwọ́ wa wà níbẹ̀ kò pọ̀. Gbèsè náà wà lọ́rùn Ìrémọ títí di òní. Ti Ràfíátù tún wà níbẹ̀, èmi ò sì mọ ẹni tó lè san án.

Lẹ́yìn ìbò, ilé ìwé Ìbùkún mú un pé kó wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ ìparí sáà. Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, mò ń di irun rẹ̀, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Màmá, ṣé kí n yọ ibi tí mo ti ní mi ò gbọ́n kúrò? Wọ́n á fi mí ṣe fídíò."

Mo yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Má yọ ọ́. Kúnlẹ̀, sọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, kí o wá dúró díẹ̀. Bí gbogbo wọn bá gbé fóònù sókè tí wọn ò fọhùn, tẹ́tí sílẹ̀. Màá wà lórí ìjókòó. Wàá gbọ́ mi tí màá ní o mọ̀ ọ́n."