Bàbá Onílé Tó Ń Ṣọ́ Wáyà

Bí mo bá gbọ́ ìró ọ̀kadà, mo ṣì máa ń retí ohùn bàbá onílé wa ní Ọ̀mù-Àrán: “Sọ̀ kalẹ̀, kí o tì í.”

Látìgbà tí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ti gba abẹ́ ilẹ̀ iwájú ilé wa, bàbá kì í jẹ́ kí ọlọ́kadà gun ọ̀kadà kọjá níbẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ èèyàn ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ pa.”

Àwọn ọlọ́kadà á sì tì í. Èmi gan-an máa ń yọ́ rìn.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bàbá ń fi ọmọ-ọmọ tuntun hàn wọ́n láti Èkó lórí fóònù mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Mo ṣàlàyé pé inú òkun ni wáyà náà ti wá, ibẹ̀ ló sì ti já.

Bàbá mirí.

“Ṣé kò sí àgbà létí òkun ni?”