Aago Ọwọ́ Tí N Ò Mọ̀ Ọ́n Kà

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi. Nígbà tí lọ́rì Kánò ṣì ń wá kó obì gbànja ní Ṣàgámù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, aago ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí mi á ní ó tó mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin Haúsá kan tó ń pàtẹ ní Sábó ni mo ti rà á. Orí aago ló wọ́n díẹ̀, okùn rẹ̀ kò wọ́n. Mo ra dúdú fún ṣọ́ọ̀ṣì, pupa fún òde, àwọ̀ ewé fún iṣẹ́. Bí mo bá ti pààrọ̀ okùn, aago tuntun dé nìyẹn.

Àmọ́ n ò mọ̀ ọ́n kà.

Àlhájà tí mo ń bá ṣa obì ní Ìjọkù kò mọ̀ pé n ò lè kà á. Obìnrin tó ń bójú tó dídi ẹrù fẹ́ lọ bímọ, wọ́n sì ń wá ẹlòmíì. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, lọ́rì ti gbéra. Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá tètè di gbànja jù, á gbóná nínú apẹ̀rẹ̀. Àlhájà wo ọwọ́ mi.

“Ìwọ tó o ní aago, wàá ṣe é lọ́la.”

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Owó iṣẹ́ yẹn ju ti ṣíṣà lọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ ẹ. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ òótọ́.

Nígbà tí mo délé, mo jẹ́wọ́ fún ọkọ mi, bàbá bàbá rẹ. Ó ní kí n fi ọwọ́ aago tó ń sọ wákàtí han òun. Mo fi gígùn hàn án. Ṣebí òun ló ga, òun ni àgbà. Ó rẹ́rìn-ín títí.

“Kúkúrú yẹn ni àgbà. Ìránṣẹ́ ni gígùn. Ìwọ náà wò ó, ta ló ń sáré kiri nínú àwọn méjèèjì?”

Ó to obì méjìlá yí etí àtẹ ká, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì ṣe ọwọ́ aago. Ó ní ìgbàkígbà tí mo bá ṣì í, òun á jẹ obì kan. Ó jẹ mẹ́ta, ó ń fi òkúta dí àyè wọn. Kí ọbẹ̀ tó jinná, n ò ṣì í mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ tètè di ẹrù. Mo ní rárá, aago méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ọ̀kan yọ ṣùtì, ó ní òjìji ilé ni ìyá òun ń wò, kò sì pàdánù lọ́rì rí. Nígbà tí àgbà dé orí mẹ́ta, mo ní ó yá. A tẹ́ ewé, a kó obì lé e, a fi ewé bò ó, a fi okùn rán an pa.

A rán apẹ̀rẹ̀ ìkẹyìn tán, a ò rí lọ́rì. Ẹni tó yọ ṣùtì ń wò mí. Mo tún wo aago, mo ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù. Ká tó mu omi tán, fèrè lọ́rì dún ní ìkóríta.

Àlhájà ti ìka bọ àárín ewé apẹ̀rẹ̀ kan. Obì tutù.

Wọ́n ní, “Ìwọ lo ń ṣe é lọ nìyẹn.”