Wáyà Tó Ń Kírun

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ohun tó kó Bàbá Ràṣídì sí wàhálà. Ọpẹrétọ̀ tẹlifóònù ni mí n'Ísẹ́yìn nígbà náà. Èmi ni mo ń jókòó sídìí bọ́ọ̀dù, tí mo ń so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Bàbá Ràṣídì ló ń tún wáyà ṣe. Ó ti ń gun òpó láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, oṣù mẹ́ta péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì.

Lọ́dún náà, wáyà Ṣakí ya wèrè. Èèyàn á máa sọ̀rọ̀ lọ, ohùn á já, á padà, á tún já. Bàbá á wọ káàkí rẹ̀, á wọ mọ́tò, á máa tọ òpó lẹ́sẹ̀ nínú oòrùn, kò ní rí nǹkan kan. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn oṣù bó ṣe rí: "Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, kò rí nǹkan kan." Ọ̀gá wa n'Íbàdàn kà á, ó ní oko rẹ̀ ni baba náà ń lọ. Ni kúẹ́rì bá dé, pé kó sọ ìdí tí wọn ò fi ní lé e lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá kà á tán, ó ká a sínú fìlà rẹ̀.

"Ṣìfáwù, ṣé irọ́ lo kọ?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ó dáa. Má jẹ̀ẹ́ kó dùn ẹ́."

Ó dùn mí wọra. Èmi tí kì í fi oúnjẹ ṣeré, mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ṣé ẹ rí i, àwa kì í mọ̀ pé wáyà bàjẹ́ àfi tí oníbàárà bá wá bú wa. Mo ní mi ò ní dúró de èébú mọ́. Mo mú ìwé tuntun kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Òkèhò, níbi tí wáyà náà ti ń kọjá kó tó dé Ṣakí, kí n tó pe Ṣakí, lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin láàárín wákàtí kan. Mo ń kọ aago sílẹ̀, mo sì ń kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Òkèhò ń dáhùn nígbà gbogbo, Ṣakí ni kì í dáhùn. Á jẹ́ pé ẹ̀yìn Òkèhò ni àrùn náà wà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ka ìwé náà, orí mi wú. Òjò ló máa ń ba wáyà jẹ́, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Bójò bá ń rọ̀, ara rẹ̀ á le koko, bóòrùn bá yọ, àrùn rẹ̀ dé nìyẹn. Nínú oòrùn náà, ó ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lásìkò Àílà àti lásìkò Àlàsárì.

"Bàbá, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Wáyà yìí ń kírun."

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́, kúẹ́rì jábọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un nílẹ̀.

"Wáyà ò ní orí tó máa fi kanlẹ̀. Èèyàn ni, Ṣìfáwù."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a jọ lọ. Káàkí rẹ̀ wà lára okùn aṣọ, kò tíì gbẹ, ló bá wọ bùbá àti ṣòkòtò. Lẹ́bàá Ìlúà, níbi tí wáyà ti gba orí àpáta kan kọjá, tó sì rẹlẹ̀ gan-an, a rí iṣu gbígbẹ tí wọ́n sá, tó funfun lọ bẹẹrẹ. Obìnrin kan jókòó lábẹ́ igi, ó di okùn kan mú. Ó ti ju okùn náà kọ́ wáyà wa méjèèjì, ó wá so agolo mílíìkì mọ́ ọn. Ewúrẹ́ kan yọjú. Obìnrin náà fa okùn, agolo ń dún gbalagbala, wáyà méjèèjì sì fara kanra. Bí wọ́n bá ti fara kanra báyìí, ohùn kú nìyẹn. Ewúrẹ́ sá, èmi sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti já mọ́ ẹnì kan lẹ́nu ní Ṣakí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Oò o. Ẹ wá yẹ iṣu wò."

Bàbá ń wo okùn. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gba ibí kọjá, mi ò rí okùn yìí rí!"

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Áà! Ẹ̀yin wolé-wolé oníkáàkí ọjọ́sí kọ́ nìyí? Bí mo bá ti rí yín lókèèrè ni mo ń ká okùn, tí mo ń kó iṣu mi sá, kẹ́ ẹ má baà ní ó dọ̀tí, kẹ́ ẹ dà á nù!"

Bàbá jókòó sórí àpáta, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà sunkún, ayọ̀ ni.

Ìyá Mulikátù lorúkọ rẹ̀; bójò bá ń rọ̀, ó ń kó iṣu wọlé, bó bá sì ń kírun, kì í fa okùn. Bàbá ri igi méjì mọ́lẹ̀ fún un tó máa so agolo mọ́, a sì fi òpó gíga gbé wáyà sókè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, bí wáyà bá já tàbí iná igbó bá mú òpó, kó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa ní Òkèhò. Nínú ọyẹ́ ọdún náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ránṣẹ́ kí oníbàárà kankan tó mọ̀. A wá ẹni bíi tirẹ̀ tó máa bá wa ṣọ́ wáyà títí dé Ṣakí. Ìbàdàn gba kúẹ́rì wọn padà, ọ̀gá sì ní kí gbogbo ọpẹrétọ̀ máa kọ irú ìwé tí mo kọ.

Ọjọ́ tí Bàbá fẹ̀yìn tì, Òkèhò pè. Mo gbé tẹlifóònù sí i létí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ, nítorí Ìyá Mulikátù ò tíì fọwọ́ kan tẹlifóònù rí, bí ẹni ń pe ará oko ló ṣe ń pariwo.

"Bàbá Ràṣídì! Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ o, Ìyá Mulikátù."

"Ewúrẹ́ ò jẹ iṣu mi, wáyà yín náà ò já. Ẹ lọ sinmi!"

 Bàbá gbé tẹlifóònù lé mi lọ́wọ́, ó nàka sí ìwé mi. Mo wo aago, mo wo ìta, mo kọ ọ́: "Oòrùn mú ganrin. Wáyà dáa."