Ọkọ̀ Tí Mo Máa Ń Fọ̀ Kí Mẹkáníìkì Tó Dé

Ọkọ̀ tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú kò burú, ó kàn ti dàgbà ni. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí lórí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣeé ṣí láti inú. Òun náà ni ọmọ mi obìnrin ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó láti ilé wa ní Ìbarà. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà nìyẹn.

Ọkọ̀ náà lè sáré dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún á kàn kú lójú títì, láìwúkọ́, láìsín. Ọmọ mi á yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò ní dáhùn. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn ti mú un pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ kọ ìwé fún un pé bó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ó kà á sí mi létí. Ìwé tí mo kà kò kọjá píràmárì mẹ́ta, àmọ́ ìyẹn yé mi.

Ọjọ́ Sátidé ni mẹkáníìkì wa máa ń wá sílé, èmi ni mo sì máa ń tọ́jú ọkọ̀ dè é. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í gbé aláìsàn lọ síwájú dókítà pẹ̀lú ìdọ̀tí. Bí ibà bá mú wa, ìyá mi á kọ́kọ́ fi omi tútù wẹ̀ wá, á fi àdín pa wá lára, á wọ aṣọ mímọ́ fún wa, kó tó pọ̀n wá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ṣe ọkọ̀. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e jáde láàárọ̀ náà, kó lè sinmi. Màá fọ̀ ọ́, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá fi àkísà tútù nu ẹ́ńjìnnì títí á fi tutù bí ìdí àmù.

Mẹkáníìkì á dé, á yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ á dáhùn. Á tẹ́tí sí i, á gbé e yí àdúgbò ká, á padà wá máa họrí. Ó pààrọ̀ pọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ ohun tó ń fa epo wá. Ó tún wáyà bátìrì so. A máa ń dúpẹ́ ni, kó tó di Àlàmísì ọkọ̀ á tún ti kú. Mo dà bí ìyá tí gìrì ń mú ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ pé bí nọ́ọ̀sì bá ti dé ni ọmọ náà á máa rẹ́rìn-ín.

Ní Àlàrùbá tó tẹ̀ lé ìwé ọ̀gá yẹn, mo ní màá bá ọmọ mi lọ. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? N kò mọ̀.

“Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa bá mi tì í?”

A kò tíì dé Ìtòrí tó fi kú. Ọmọ mi gbé orí lé sítíárì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru ru bò mí lójú. Mo dúró. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń nu ẹ́ńjìnnì yẹn, n kò bá a níbi tó gbóná rí. Mẹkáníìkì náà kò bá a bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní kí ọmọ mi pe mẹkáníìkì kíá. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ dúró de bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ń kún kọjá. Nígbà tí ọ̀kan fi gbé e, oòrùn ti mú.

Mẹkáníìkì gun ọ̀kadà dé. Ọkọ̀ ti tutù, ó sì jí lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó má pa á, kó máa gbé e lọ, kó máa gbé e bọ̀, kó gbóná. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kó sábẹ́ rẹ̀, ó yọ nǹkan kékeré kan tó ní wáyà nídìí jáde, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó ní sẹ́ńsọ̀ ni, òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnnì ìgbà tó yẹ kó tanná, bó bá ti gbóná ni kì í ṣiṣẹ́ mọ́.

“Màmá, ta ló ń fọ̀ ọ́ kí n tó dé?”

“Èmi ni.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. “Àìsàn tí mo ń wá lẹ ń fọ̀ dànù yẹn.”

Kò bá mi wí. Ìbá sàn bó bá bá mi wí. Ibẹ̀ la wà tí ọmọ mi pè pé wọ́n ti gba káàdì iṣẹ́ òun lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́.

Láti ìgbà tí mẹkáníìkì ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà, ọkọ̀ kò kú mọ́. Bí ọmọ mi bá kírun àsùbáà tán, á jáde lọ tan án, á jókòó sínú rẹ̀, á máa gbọ́ bó ṣe ń dún geere. Èmi náà máa ń gbọ́ ọ láti orí ẹní mi. Tó bá ṣe díẹ̀, á fọwọ́ ara rẹ̀ pa á, á sì wọlé.