Ọjọ́ Tí A Fi Tísù Sẹ́ Ọ́ìlì

Bí o bá gba ọ̀nà Másífà kọjá lásìkò tí èkùrọ́ pọ̀, imú rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o ti dé ibi tí màmá mi ti ń fún àdín. Òórùn àdín gbígbóná máa ń fà mọ́ aṣọ, ó ń fà mọ́ irun, ó tiẹ̀ máa ń bá èèyàn wọ Ẹ̀jìgbò. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ o. Títí di òní, bí mo bá ti gbọ́ ọ, ọjọ́ kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, inú mi á sì dùn.

Lọ́dún náà, ẹ̀rọ tó ń fún èkùrọ́ fẹ́ sọ màmá mi di aláìníṣẹ́. Eyín gíà rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ. A ó ra gíà tuntun, a ó da ọ́ìlì tuntun sí i, kò ní pẹ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ọ́ìlì náà á sì ti dúdú. Màmá mi bú ẹni tó ta gíà, ó bú mẹkáníìkì, ó bú èmi náà tí mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù pé kó wá gbé ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ gbogbo wa. Bó bá lọ, kò sí òmíràn, ẹ̀rù sì bà mí gan-an.

Àbúrò bàbá mi, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Abíjàn, ló ní kó má tíì tà á.

"Ìyàwó wa, ẹ̀rọ yìí ò kú, ọ́ìlì rẹ̀ ló dọ̀tí. Jẹ́ ká sẹ́ ẹ."

"Ẹ fẹ́ sẹ́ ẹ bí ògì ni, Bọ̀dá Abíjàn?"

"Bí ògì gẹ́lẹ́."

Nígbà tí Jímọ̀ pé, a fa ọ́ìlì náà sínú kẹ́ẹ̀gì dúdú, a gbé e sí oòrùn kó lè ṣàn. Àbúrò bàbá mi ki odidi tísù kan mọ́ inú páìpù irin, ó fún pinpin, ó sì fi rọ́bà so ó mọ́ pọ́ǹpù ọlọ́wọ́. Màmá mi ní, "Tísù tí wọ́n fi ń nùdí! Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ará ọ̀nà rí wa." Mo fa pọ́ǹpù títí apá fi ń ro mí, kò sí nǹkan kan. Àfi lójijì tí ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ìgò, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí oyin. Mo kígbe! Màmá mi náà kígbe: "Wàláhì, ó mọ́!" Obìnrin kan tó ń kọjá lọ sí ìlú Ará tiẹ̀ yà wá bá wa, ó rò pé àdín ni, ó fẹ́ rà nínú rẹ̀. Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni oníirin bá wa, kò sì sẹ́ni tó ráyè dá a lóhùn.

Àbúrò bàbá mi wá tú páìpù náà. Ojú tísù ti dúdú kirikiri, àwọn èérún irin ń dán lára rẹ̀, hóró kéékèèké kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sì wà láàárín wọn. Màmá mi mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Èèpo èkùrọ́ nìyí! Ta ló ń da èkùrọ́ sínú gíà mi?"

Ó fìbínú mú agolo tó fi ń bu ọ́ìlì, ó fẹ́ fi bu èyí tó mọ́ padà.

"Dùsùmáà, ìyàwó wa, rọra," ni àbúrò bàbá mi wí. "Wo inú agolo yẹn ná."

Ó wò ó. Agolo yẹn náà ló fi ń wọn èkùrọ́, orí òkìtì èkùrọ́ ló sì máa ń wà, tòun ti eruku àti èèpo nísàlẹ̀ rẹ̀. Kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíì bu ọ́ìlì, ó ní a máa ń fi ṣòfò.

Mo múra sílẹ̀ de ariwo, torí màmá mi kì í gbẹ̀bi. Ó fò sókè. "Èmi ni! Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo ń bà á jẹ́!" Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó yíjú sí oníirin: "Ẹ má bínú, ẹ̀rọ ò lọ mọ́." A fi ike tí a fọ̀ mọ́ da ọ́ìlì padà, a tan ẹ́ńjìnì, ariwo gíà sì rọlẹ̀.

Mo bi í léèrè ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

"Tó bá jẹ́ pé gíà ni kò dáa, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Tó bá jẹ́ ẹni tó tà á ló rẹ́ mi jẹ, níbo ni mo ti fẹ́ rí i mú? Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, ó tán nìyẹn. Mi ò ní ṣe é mọ́."

Èmi náà ti dẹni tó ń dá iṣẹ́ ṣe báyìí. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́ léraléra mọ́ mi lọ́wọ́, tí àwọn èèyàn ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ èmi ni.