Ohun tí férémù bò mọ́lẹ̀ ní pálọ̀ mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àṣírí mi tú lónìí, nínú pálọ̀ ara mi.

Ìjọ wa ní Iléṣà fẹ́ fi mí ṣe alága ìkọ́lé gbọ̀ngàn tuntun. Wọ́n rán Fúnmi, ẹnjiníà inú ìjọ wa, kó wá ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí mi nínú ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe. Gíláàsì férémù tí mo fi gbé e kọ́ ògiri ń dán jù nínú fọ́tò, ló bá yọ ìwé náà kúrò nínú férémù.

Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà.

“Bàbá, ‘Ìpele Ìbẹ̀rẹ̀’ ni wọ́n kọ síbí o. Ṣé pákó férémù ló bò ó?”

“Èmi ni mo ní kí káfíńtà bò ó.”

“Háà! Bàbá!”

Ojú tì mí. Ìwé yìí ni mo fi ń halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ abẹ́ mi ní ọ́fíìsì l'Óṣogbo, àwọn tí ìpele ìwé ẹ̀rí wọn ga ju tèmi lọ. Ẹ foríjì mí.

Mo ní kí Fúnmi ṣe alága, òun tó ti gba ìwé ẹ̀rí ìpele tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín.

“Mo gbà, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ yìí ní Sátidé. Ẹ máa bọ̀. Bírò ni kí ẹ mú wá, ẹ fi férémù sílé.”

Mo ti ra bírò. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni férémù ń bò nílé yín?